Orí Karùn-ún: Ẹ̀yìn Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Bí ẹ bá bi alábàárù kan ní Bódìjà pé kí ló ń ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, jẹ̀díjẹ̀dí ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ohun dídùn ló jẹ jù. Bí ẹ bá bi ìyá alágbo tó jókòó ti abọ́ àti ìgò rẹ̀, òun náà á ní jẹ̀dí ni, á sì bu àgbo ọ̀pá ẹ̀yìn sínú kọ́ọ̀pù fún un: "Gbé e mu, ọmọ mi, kára ẹ lè nà." Bí ẹ bá wá bi ọ̀gá tó lọjà, á ní ọmọ náà ò mọ ẹrù gbé ni. Ẹ̀sùn ń lọ, ẹ̀sùn ń bọ̀, kò sì sẹ́ni tó bojú wo àpò ẹ̀wà tó wà nílẹ̀ níbẹ̀, èyí tó lè lé ní kílò 100, tí irú rẹ̀ sì ti ń gorí ọkùnrin náà láti ìdájí.

Jẹ̀díjẹ̀dí wà lóòótọ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú ní ojú ihò ìdí ni, ó máa ń dunni, ó sì máa ń ṣẹ̀jẹ̀, àmọ́ òun kọ́ ló ń ba eegun ẹ̀yìn jẹ́. Ẹ̀sùn ọ̀gá ni mo fẹ́ bá jà nínú orí yìí, torí òun ló gbajúmọ̀ jù láàárín àwọn tó ń gbani síṣẹ́, òun náà ló sì ń jẹ́ kí wọ́n fọkàn balẹ̀ sùn. Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn tó bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ ló bà á jẹ́: bí ẹrù ṣe wúwo tó, ibi tí wọ́n gbé e kalẹ̀ sí, bí ó ṣe jìnnà sára tó, iye ìgbà tí wọ́n ní kéèyàn gbé e lóòjọ́. Bí ẹ kò bá tún ìwọ̀nyẹn ṣe, ẹ lè máa kọ́ òṣìṣẹ́ ní ẹrù gbígbé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ti alábàárù nìkan. Ìṣirò tí wọ́n ṣe fún gbogbo ayé fi hàn pé ní 2020, mílíọ̀nù 619 èèyàn ni ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń dùn. Kò sí àìsàn mìíràn tó ń dá èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú ẹ̀yìn yìí. Eegun kéékèèké 24 ló tò léra láti ọrùn títí dé òkè ìdí: 7 ní ọrùn, 12 ní ẹ̀yìn àyà, 5 ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Àfi méjì tó wà lókè pátápátá, òṣùká kan ló wà láàárín eegun kan sí èkejì. Dísìkì ni wọ́n ń pè é ní ọsibítù. Bí òṣùká aṣọ ṣe ń gba ìnira ẹrù fún orí alárù, bẹ́ẹ̀ ni dísìkì ń gba ìnira eegun òkè fún eegun ìsàlẹ̀. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àárín rẹ̀ rọ̀, ìta rẹ̀ sì jẹ́ okùn tó yí i ká ní ìpele-ìpele. Ìpele wọ̀nyí ló ń sán díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di ọjọ́ tí ohun rírọ̀ inú rẹ̀ á yọ síta, á lọ tẹ iṣan ara tó ń lọ sẹ́sẹ̀, tí èèyàn á wá máa sọ pé dísìkì òun yọ lánàá nígbà tí òun tẹ̀ ba láti mú kọ́kọ́rọ́ nílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń sán.

Ẹ̀jẹ̀ kì í dé àárín dísìkì àgbàlagbà. Oúnjẹ rẹ̀ ń rọra gba ara eegun wọlé ni, ìyípadà láti orí ìnira sí ìsinmi ló sì ń ràn án lọ́wọ́. Tí a bá ń ṣe wàhálà lójú ọ̀sán, omi inú rẹ̀ á máa fún jáde. Tí a bá sùn lóru, á fa omi padà. Ìdí nìyí tí èèyàn fi máa ń ga lówùúrọ̀ ju alẹ́ lọ, ní nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ẹ wọn ara yín wò, ẹ ó rí i.

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé wa dé ìdí ìgbálẹ̀. Lówùúrọ̀ kùtùkùtù, dísìkì ti mu omi yó, ó ti le, ìnira tó sì ń bá a tí èèyàn bá tẹ̀ ba nígbà yẹn ju ti ọ̀sán lọ fíìfíì. Stover Snook, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kó àwọn èèyàn tí ẹ̀yìn ti ń dùn tipẹ́ jọ, ó kọ́ wọn pé kí wọ́n má ṣe tẹ̀ ba ní ìdájí, kí wọ́n dúró kí oòrùn ga díẹ̀. Nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1998, ìrora wọn ti dín. Ẹ wá wo ilé wa. Kí ọmọbìnrin tó bọ́jú, ìgbálẹ̀ ọwọ́ kúkúrú ti wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọwọ́ òsì wà lẹ́yìn ìbàdí, orí wà nísàlẹ̀, ó ń gbá àgbàlá láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí kànga. Bó bá ṣe é tán, omi ló kàn. Kò sí àkókò tó burú jù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́, àkókò náà gan-an la sì yàn fún un. Ẹ so ìgbálẹ̀ mọ́ igi gígùn, bí àwọn kan tó ń gbá títì ti ń ṣe, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ rìn kiri, kó dáná, kó ṣe nǹkan mìíràn ná. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá kan á ní ìgbálẹ̀ olópòó kì í gbálẹ̀ mọ́. Ó ń gbá a mọ́ tó.

Ọ̀rọ̀ ẹrù ńkọ́? Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì na ẹrù kílò 20 síwájú, kó jìnnà sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn yín ní sẹ̀ńtímítà 50. Iṣan tó ń fa ẹ̀yìn kí ẹ má baà dojú dé kò jìnnà sí àárín eegun ju nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 5 lọ. Ìlọ́po 10 ni 50 jẹ́ fún 5. Nítorí náà, kí kílò 20 tó lè dúró sójú kan, iṣan yẹn ní láti fà bí ẹni ń fa kílò 200, a ò sì tíì ka ìwúwo orí, àyà àti apá tó tẹ̀ síwájú mọ́ ọn. Eegun márùn-ún ìsàlẹ̀ yẹn ló ń gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra.

Wọn kò fi ìṣirò nìkan mọ èyí. Láti àwọn ọdún 1960 ni Alf Nachemson ní Sweden ti ń ki abẹ́rẹ́ bọ inú dísìkì alààyè láti wọn ohun tó ń tẹ̀ ẹ́. Ní 1999, Hans-Joachim Wilke àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Ulm, Jámánì, tẹ ìwádìí tiwọn jáde: wọ́n ki ẹ̀rọ tín-ín-rín kan sínú dísìkì ọkùnrin kan tó yọ̀ǹda ara rẹ̀, ó sì gbé e kiri fún nǹkan bí odidi ọjọ́ kan, ó sùn pẹ̀lú rẹ̀, ó jókòó, ó rìn, ó gbé ẹrù. (Kíréètì bíà ni wọ́n ní kó gbé. Jámánì ni, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n lò?) Bí a bá fi ìdúró lásán ṣe òṣùwọ̀n, ìdùbúlẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀. Nígbà tó tẹ orúnkún láti gbé kíréètì tó tó kílò 20 náà nílẹ̀, ó lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Nígbà tó ká ẹ̀yìn kò, tí orúnkún nà gbọọrọ, ó lé ní ìlọ́po mẹ́rin àbọ̀. Èyí tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn jù ni pé nígbà tó gbé kíréètì kan náà mọ́ra, ìlọ́po méjì àti díẹ̀ ni. Nígbà tó nà án síwájú ní 60 sẹ̀ńtímítà, ó lé ní ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀. Kíréètì ò wúwo sí i, jíjìnnà ló jìnnà.

Èyí ló jẹ́ ká mọ ọgbọ́n tó wà nínú ríru ẹrù sórí. Ẹrù orí kò jìnnà sí eegun ẹ̀yìn rárá. Ó wà lórí rẹ̀ gan-an. Àwọn tó wọn mímí àwọn obìnrin Luo ní Kẹ́ńyà ní àwọn ọdún 1980 rí i pé bí ẹrù orí kò bá ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo ara wọn lọ, agbára tí wọ́n fi ń rìn kò lé sí i rárá. Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú márùn-ún ọkùnrin tó wọn kílò 65 kò ju kílò 13 lọ. Àpò ẹ̀wà kọ́ nìyẹn. Eegun ọrùn tí Ọlọ́run dá fún orí tí kò ju nǹkan bíi kílò 5 lọ la ń gbé ẹrù tó wúwo bí odindi ẹran ọ̀sìn lé.

Àti pé ìrìn kọ́ ló léwu jù, gbígbé sókè àti sísọ̀ ni. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà kan tó ń já ọjà. Ọkùnrin méjì á di etí àpò mú, wọ́n á mì í lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀kẹta á tẹ orí wọ abẹ́ rẹ̀ kí àpò tó padà sílẹ̀. Àpò á balẹ̀ gbì lórí ọrùn tó ṣì tẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn méjì bá tètè jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀, àpò á fì, ẹni abẹ́ rẹ̀ á sì ní láti yí ìbàdí láti fà á padà: ó tẹ̀, ó yí, ó gba ẹrù, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ohun tí dísìkì kórìíra ju mẹ́ta yìí papọ̀ lọ. Bí wọ́n bá fi ẹ̀yìn tírélà sí ọ̀gangan èjìká, tí alábàárù dúró gangan, tí wọ́n sì rọra ti àpò lé e lórí látòkè, ìmì-mì-gbé yẹn kò ní wáyé rárá.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti bá iṣẹ́ jà dípò òṣìṣẹ́, California ni ẹ máa lọ. Ní àfonífojì Salinas, níbi tí wọ́n ti ń gbin lẹ́tíùsì, ọkọ́ kúkúrú ni wọ́n ń fún àwọn òṣìṣẹ́ oko, ọmọ Mẹ́síkò ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Igi ọkọ́ náà kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Ẹni tó ń lò ó á tẹ̀ ba láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, á máa bá poro lọ. César Chávez, tó padà di olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ oko, lo irú rẹ̀ nígbà èwe. Àwọn olóko ní bí igi ọkọ́ bá gùn, òṣìṣẹ́ kò ní ríran dáadáa, á máa gé ewébẹ̀ mọ́ koríko. Ìdí kan tún wà lábẹ́ aṣọ: bí gbogbo èèyàn bá tẹ̀ ba, ẹni tó bá nàró á hàn sí alábòójútó láti òpin oko, ó di ọ̀lẹ nìyẹn.

Ní 1972, òṣìṣẹ́ oko kan, Sebastian Carmona, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú agbẹjọ́rò Maurice Jourdane, ní kí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fòfin de ọkọ́ kúkúrú. Àwọn dókítà jẹ́rìí pé ó ń ba ẹ̀yìn jẹ́. Èsì tó padà wá yani lẹ́nu. Wọ́n ní lóòótọ́ ni òfin ní kí ẹnikẹ́ni má lo irinṣẹ́ eléwu, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ eléwu ni èyí tó ti bàjẹ́, bíi kó sán tàbí kí igi rẹ̀ máa mì. Ọkọ́ tí ara rẹ̀ le koko kò léwu. Carmona àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹjọ́ náà lọ sókè. Ní oṣù kìíní 1975, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní California dá a pé ìtumọ̀ yẹn kò tọ̀nà: bí irinṣẹ́ bá ń pa ẹni tó ń lò ó lára nígbà tó ń lò ó bí wọ́n ṣe ní kó lò ó, eléwu ni, ì báà ṣe tuntun. Ọdún yẹn náà ni wọ́n fòfin de ọkọ́ kúkúrú. Wọ́n ṣì ń gbin lẹ́tíùsì ní Salinas títí dòní.

Àgbẹ̀ ilé á bi mí pé: ọkọ́ tiwa ńkọ́? Ọkọ́ tiwa náà kúrú. Fún ebè kíkọ, mi ò ní purọ́ fún yín pé igi gígùn nìkan ló máa yanjú rẹ̀, torí yẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ń wọ́ jọ, agbára ńlá ló sì ń gbà. Ṣùgbọ́n fún koríko ríro, kò sí ìdí tí àgbẹ̀ kò fi lè dúró ro ó. Nígbà tí FAO àti IFAD, àwọn àjọ àgbáyé tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣe ìwádìí lórí irinṣẹ́ àwọn àgbẹ̀ obìnrin ní Áfíríkà ní ìparí àwọn ọdún 1990, ohun tí wọ́n gbọ́ ní àwọn ibì kan ni pé obìnrin tó bá dúró gangan ro oko, àwọn èèyàn á ní ọ̀lẹ ni. Láti Salinas dé abúlé wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ohun tó kàn yìí kò ní dùn mọ́ àwọn tó ń fi ẹ̀kọ́ ẹrù gbígbé jẹun. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ tó tó 4,000 sínú ìwádìí kan. Wọ́n fi ẹ̀kọ́ kọ́ àwọn kan dáadáa, bí wọ́n ṣe ń tẹ orúnkún, bí wọ́n ṣe ń gbé ẹrù mọ́ra. Wọn kò kọ́ àwọn tó kù. Wọ́n ṣọ́ wọn fún ọdún márùn-ún ó lé, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1997. Iye àwọn tó fara pa lẹ́yìn kò dín, ọjọ́ tí wọ́n fi pa iṣẹ́ jẹ kò dín, owó ìtọ́jú kò dín. Ohun kan ṣoṣo tó lé sí i ni ìmọ̀ wọn nípa ẹrù gbígbé. Bẹ́líìtì fífẹ̀ tí àwọn kan ń rà láti fi di ìbàdí náà kò yàtọ̀: ìwádìí lórí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìtajà tó lé ní 9,000, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2000, kò rí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó dè é àti ẹni tí kò dè é. Bí ẹni tó de ọ̀já bá ní ó ń tu òun lára, mi ò bá a jiyàn. Kó kàn má torí rẹ̀ gbé ẹrù tó ju èyí tó ń gbé tẹ́lẹ̀ lọ.

Kí ló fa èyí? Òṣìṣẹ́ mọ ọ̀nà tó tọ́, ẹrù ni kò jẹ́ kó lò ó. Àpò wà ní kọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ kò ríbi wọ̀ láti sún mọ́ ọn. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè. Iye àpò tó bá gbé ni wọ́n á fi sanwó fún un, bó bá sì ń tẹ orúnkún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹlòmíràn á ti gbé méjì.

NIOSH, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́, ní ìṣirò kan tí wọ́n tún ṣe ní 1991. Kílò 23 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn fún ẹrù tó wà ní ibi tó dára jù: ó sún mọ́ ara, ó ga dé ibi tí ọwọ́ ń dé láìtẹ̀ ba, kò ní kéèyàn yí ìbàdí. Bí ohun kọ̀ọ̀kan bá ti kúrò níbi tó yẹ, wọ́n á máa yọ nínú 23 yẹn. Mo fi í wo lébìrà kan tó ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì nílẹ̀: ọwọ́ rẹ̀ fi sẹ̀ńtímítà 15 ga ju ilẹ̀ lọ, ó jìnnà sí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ní 40, ó gbé e sókè tó mítà kan. Kílò 23 já sí bíi 10, ká tiẹ̀ sọ pé kò yí ara rárá, pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń gbé e láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Àpò sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ wa sì jẹ́ kílò 50.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kílò 25 ni àpò sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń tà fún àwọn kọ́lékọ́lé. Ilé tí wọ́n ń fi kọ́ kò wó. Ohun tó mú àpò tiwa wúwo tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀, àṣà ọjà ni, àṣà ọjà sì ṣeé yí padà. Ti àlùbọ́sà àti ata tún burú jù, owó ló sì wà nídìí rẹ̀. Iye àpò ni onímọ́tò ń kà láti gba owó ọkọ̀, iye àpò ni alábàárù náà ń kà. Nítorí náà, ọlọ́jà tó gbọ́n á ki àpò rẹ̀ kún, á fi okùn hun ẹnu rẹ̀, á tún kì í lókè okùn, kí àpò méjì lè di ọ̀kan. Ẹ̀yìn alábàárù ló ń san owó tó kù. Ọjọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ọkọ̀ lórí ìwúwo, tí wọ́n fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n ní gáréèjì, àpò á kéré fúnra rẹ̀ láìsí ìwàásù kankan.

Kó tó dìgbà náà, ọgbọ́n ju agbára lọ. Ọmọlanke àti bárò ti wà láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ̀yìn kò sì nílò ohun mìíràn tó dára tó táyà; títì ló sàn ju fífà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilẹ̀ ọjà: gọ́tà tí kò lómọrí, kòtò, ẹrẹ̀, pákó tí wọ́n fi ṣe afárá. Bí táyà kò bá ríbi yí, orí ni ẹrù máa padà sí. Ìyálọ́jà àti ìgbìmọ̀ ọjà tó bá fi owó tíkẹ́ẹ̀tì da kọnkéré sójú ọ̀nà ọjà, oògùn ẹ̀yìn ló rà yẹn, ó sì ju ohun tó wà nínú ìgò alágbo lọ. Ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, kí wọ́n to pákó tàbí búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ dé ìdajì itan kí wọ́n tó to sìmẹ́ǹtì lé e, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé àpò láti ilẹ̀yílẹ̀. Bíríkìlà tó ń tẹ̀ ba mú búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì mẹ́sàn-án tó lé ní kílò 20, ìgbà mélòó ló ń ṣe é lóòjọ́? Ẹ to búlọ́ọ̀kù ga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó kàn nawọ́.

Ìyá tó ń dín gààrí náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kì í lè kọjú sí agbada, torí iná á jó o. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń jókòó sí, lórí àpótí kékeré, á yí ara sápá kan, á nawọ́, á máa fi awẹ́ igbá rò ó fún ọ̀pọ̀ wákàtí, èéfín lójú. Bí wọ́n bá mọ ààrò rẹ̀ ga, tí wọ́n fi ẹnu iná sí ẹ̀yìn ògiri níbi tí ẹlòmíràn á ti máa koná, á lè kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀, á lè dúró, á sì lè jókòó nígbà tó bá wù ú.

Àwọn tó ń jókòó ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ tiwọn kò gùn. Kì í ṣe ìjókòó gan-an ló burú bí kò ṣe jíjókòó sójú kan láìmira. Télọ̀, ẹ gbé máṣíìnì ga kí ọrùn má baà wọlẹ̀. Ẹ̀yin ọ́fíìsì, ẹ jẹ́ kí orí kọ̀ǹpútà bá ojú yín dọ́gba, kí ìdí yín dé ẹ̀yìn àga, kí ẹ sì dìde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìpè fóònù kò ní kẹ́ ẹ jókòó gbà á. Ti awakọ̀ ló le díẹ̀. Ọkọ̀ tó ń gbọ̀n ní bí ìgbà mẹ́rin sí mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ń bá bí eegun ẹ̀yìn fúnra rẹ̀ ṣe máa ń gbọ̀n mu, ìgbọ̀n náà á sì máa lé sí i nínú ara. Awakọ̀ tó bá ti ìrìn àjò jíjìn dé, kó má fò sílẹ̀ kó sì máa já ẹrù lójú ẹsẹ̀. Okùn tó so eegun pọ̀ ti dẹ̀ níbi tó ti jókòó. Kó rìn yí ọkọ̀ ká fún ìṣẹ́jú mélòó kan ná.

Àwọn nọ́ọ̀sì ni mo fi sẹ́yìn, torí èèyàn kì í ka aláìsàn sí ẹrù. Ìwádìí kan tó jáde ní 2010 lórí àwọn nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn fi hàn pé nínú 100, nǹkan bí 84 ni iṣẹ́ ti dá ìrora sí lára rí, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló sì ṣáájú. Bẹ́ẹ̀dì kò ṣeé gbé sókè, aláìsàn kò sì ní etí àpò. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣe iṣẹ́ kíà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá òfin mìíràn níbẹ̀. Láti 1992 ni òfin gbígbé ẹrù wọn ti pa á láṣẹ fún agbanisíṣẹ́ pé kó kọ́kọ́ wò ó bóyá gbígbé yẹn tiẹ̀ ṣeé yẹra fún; bí kò bá ṣeé yẹra fún, kó wá ọ̀nà tí ewu rẹ̀ fi máa dín. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tó ń fi aṣọ gbé aláìsàn fi wà, àti aṣọ tó ń yọ̀ tí wọ́n fi ń sún un lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ wa tí wọ́n bá rán nìkan lọ sílé aláìsàn tó ń fẹ́ èèyàn méjì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun kò ní dá a gbé. Ká má tìtorí "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú" ba ẹ̀yìn jẹ́.

Bí ẹ̀yìn bá ti wá mú èèyàn, ìsinmi lórí ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ni oògùn rẹ̀. Láti 1986 ni Richard Deyo ti fi hàn ní Amẹ́ríkà pé àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n sinmi ọjọ́ méjì tètè padà síṣẹ́ ju àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n sinmi ọjọ́ méje lọ. Ní Helsinki, ìwádìí 1995 rí i pé àwọn tó ń bá ìṣe òòjọ́ wọn lọ níwọ̀n tí ara gbà ló tètè gbádùn jù. Ọ̀pọ̀ máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó bá ń fi paraga gbé oògùn ìrora mì kó lè tún gbé ẹrù lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, inú rẹ̀ lè máa ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì ní ráyè sọ fún un pé ó tó.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba sùúrù: bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ kò bá gbọ́ràn mọ́, bí àárín itan bá kú tí kò mọ ìfọwọ́kàn, bí ẹsẹ̀ bá ń rọ. Ọsibítù lójú ẹsẹ̀ ni. Ibà tí kò lọ, rírù, òógùn òru pẹ̀lú ẹ̀yìn dídùn tún gba àyẹ̀wò, torí ikọ́ ife máa ń wọ eegun ẹ̀yìn láìsí pé èèyàn ń wúkọ́.

Òfin Nàìjíríà kò ṣàìsọ nǹkan. Òfin iṣẹ́ sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ní kí ọmọdé gbé ohun tó wúwo débi tó lè ba ìdàgbàsókè ara rẹ̀ jẹ́. Òfin owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ ti 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá 1 nínú 100 owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó náà, kí ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lè rí nǹkan gbà. Nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ lè béèrè rẹ̀. Alábàárù kò ní ọ̀gá kan pàtó tó máa sanwó náà. Ẹgbẹ́ alábàárù tó bá lágbára láti dá owó jọ, tó sì lè sọ fún ọlọ́jà pé àwọn kò gbé àpò tó bá ju ìwọ̀n báyìí lọ, nìkan ló lè dúró fún un.

Ní 1700, dókítà ará Ítálì kan, Bernardino Ramazzini, tẹ ìwé kan jáde ní Modena lórí àìsàn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ó ní kí dókítà fi ìbéèrè kan kún ohun tó ń bi aláìsàn: iṣẹ́ wo lò ń ṣe? Ọ̀pọ̀ dókítà wa kì í ráyè bi í, èrò pọ̀ níta. Bí wọn kò bá bi yín, ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń gbé, bí ó ṣe wúwo tó, láti ibo dé ibo, ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́, àti ìgbà tí ìrora ń bẹ̀rẹ̀, bóyá òwúrọ̀ ni tàbí lẹ́yìn iṣẹ́.